Ìtàn ìdílé: Níbo ni ọmọ Yorùbá tó wà ní Libreville ti lè rí àkọsílẹ̀ àwọn baba ńlá rẹ̀?

Ní oṣù Keje ọdún 1978, Ààrẹ Omar Bongo ti Gabon pàṣẹ pé kí àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè Benin fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Aáwọ̀ tí ó wáyé láàárín òun àti Ààrẹ Mathieu Kérékou ní ìpàdé Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ní Khartoum ni ó bí àṣẹ náà. Ìṣirò tí ó wọ́pọ̀ ni pé àwọn tí wọ́n lé tó 9,000 sí 10,000. Yorùbá wà lára àwọn ọmọ Benin tí wọ́n ti ń ṣòwò, tí wọ́n sì ti ń bímọ ní Libreville kí ọjọ́ náà tó dé.

Ẹni tí wọ́n bá lé lójijì, ọmọ àti ẹrù ni ó máa ń kó. Ìwé ni ó sábà máa ń gbàgbé.

Ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí. Àwọn kan pa dà sí Gabon, àwọn mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Benin, Tógò àti Nàìjíríà. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Libreville, tí èdè Faransé yọ̀ mọ́ lẹ́nu ju Yorùbá lọ, ti ń béèrè pé: ìlú wo ni bàbá àgbà wa ti wá? Kí ni orúkọ rẹ̀ gan-an? Àwọn wo ni ẹbí wa tí ó kù sílé? Nígbà mìíràn, ìfẹ́ ni ó ń mú ìbéèrè náà wá. Nígbà mìíràn, òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó jókòó sí ìdí tábìlì, tí ó ń sọ pé kí wọ́n mú ìwé ìbí bàbá wọn wá.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé kò sí ilé kan ṣoṣo tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ pamọ́ sí. Ọwọ́ ẹni tí ó kọ ìwé ni ìwé máa ń wà. Bí bàbá àgbà yín bá ti Kétu wá sí Libreville, ó ṣeé ṣe kí àkọsílẹ̀ nípa rẹ̀ wà ní orílẹ̀-èdè mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tí yóò sọ èyí tí ẹ ó kọ́kọ́ lọ kò sì sí nínú ìwé kankan. Ẹnu àwọn àgbà ni ó wà.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde

Kí ẹ tó lọ sí ọ́fíìsì kankan, ẹ jókòó ti ẹni tí ó dàgbà jù nínú ẹbí. Ẹ má ṣe béèrè pé "Kí ni ìtàn ìdílé wa?" nítorí ìbéèrè náà gbòòrò jù. Ẹ béèrè ohun tí àgbà lè dáhùn:

• Orúkọ wo ni ìyá bàbá àgbà ń pè é nílé, kí sì ni oríkì àbísọ rẹ̀?
• Agbo ilé wo ni wọ́n bí i sí, àdúgbò wo ni agbo ilé náà wà, ta sì ni baálé ibẹ̀ nígbà náà?
• Kí ni oríkì orílẹ̀ wọn, kí sì ni èèwọ̀ ìdílé?
• Ṣé ó kọlà? Àbàjà ni, pélé ni, tàbí gọ̀ǹbọ́?
• Ibo ni ó ti wọ ọkọ̀ tí ó gbé e wá sí Gabon, ta sì ni ó gbà á sílé nígbà tí ó dé?
• Ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí wo ni ó ń lọ? Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wo ni ó wà?

Oríkì orílẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwúrí lásán. Ó máa ń dárúkọ ìlú tí ìdílé ti ṣẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, àti ohun tí wọn kì í jẹ. Ìdílé tí wọ́n ń kì ní ọmọ Olófà, ọ̀dọ̀ Ọ̀fà ni ìtàn wọn ń tọ́ka sí. Ọmọ Oníkòyí, ọ̀dọ̀ Ìkòyí. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé orísun àtijọ́ ni orílẹ̀ ń sọ. Ó lè jẹ́ pé ìdílé náà ti ṣí kúrò níbẹ̀ ní igba ọdún sẹ́yìn, kí wọ́n tó tẹ̀dó sí ìlú tí wọ́n bí bàbá àgbà yín sí.

Orúkọ pẹ̀lú máa ń tọ́ka. Ọ̀jẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ń sọ nípa ìdílé eléégún, Ayàn nípa ìdílé onílù, Fá nípa àwọn tí ó ń bọ Ifá, Ọdẹ nípa àwọn ọlọ́dẹ. Bí ẹ bá dé ìlú tí ẹ rò pé ó jẹ́ tiyín, tí ẹ kò sì mọ agbo ilé, orúkọ àti èèwọ̀ ni àwọn ará ibẹ̀ yóò fi mọ ẹnu ọ̀nà tí wọn yóò mú yín lọ.

Ní ti ọdún, àgbà lè má mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà náà. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti gba òmìnira kí wọ́n tó bí ọmọ kan. Ọdún 1960 ni orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba òmìnira: Dahomey ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ, Gabon ní ọjọ́ 17 oṣù kan náà, Nàìjíríà ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá. Dahomey sì yí orúkọ rẹ̀ pa dà sí Benin ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 1975. Nítorí náà, ìwé tí ìjọba ibẹ̀ tẹ̀ jáde, tí Dahomey sì wà lórí rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó ti wà ṣáájú ọjọ́ náà.

Ẹ fi fóònù gba ohùn àgbà sílẹ̀, kí ẹ sì dárúkọ ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀, ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti gbà á. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí àpótí. Ẹ wo ẹ̀yìn fọ́tò àtijọ́: ọ̀pọ̀ onífọ́tò ló ń lu òǹtẹ̀ orúkọ àti ìlú wọn síbẹ̀. Lẹ́tà, káàdì owó orí, ìwé ìrìnnà tí ó ti kọjá àkókò, ìwé kékeré tí wọ́n fi ń kọ owó èésú, gbogbo rẹ̀ ni àkọsílẹ̀.

Orúkọ kan, akọ̀wé mẹ́ta

Ohun tí ó máa ń sọ àwọn tó ń wá ìtàn ìdílé nù jù lọ ni bí akọ̀wé ṣe kọ orúkọ. Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé. Ká ní bàbá àgbà ń jẹ́ Òjó Adéṣínà. Akọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó yóò kọ ọ́ ní Ojo Adeshina. Akọ̀wé Faransé ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, yóò kọ ọ́ ní Odjo Adéchina. Ní Libreville, ẹlòmíràn lè sọ Odjo di orúkọ ìdílé, kí àwọn ọmọ máa jẹ́ Odjo títí di òní, bẹ́ẹ̀ Òjó jẹ́ orúkọ àmútọ̀runwá tí kò sọ nǹkan kan nípa ìdílé.

Ní ìwé Faransé, ẹ máa rántí pé "ch" ni wọ́n sábà máa ń fi dípò "ṣ", "dj" dípò "j", "ou" dípò "u", àti nígbà mìíràn dípò "w". Àmì abẹ́ "ẹ" àti "ọ" kò sí níbẹ̀ rárá. Orúkọ Mùsùlùmí náà ní ọ̀nà tirẹ̀: Búráímọ̀ di Bouraïma, Rájí di Radji, Gbàdàmọ́ṣí di Gbadamassi. Nítorí náà, bí ẹ kò bá rí orúkọ kan, ẹ má tíì sọ pé kò sí. Ẹ kọ gbogbo ọ̀nà tí wọ́n lè gbà kọ ọ́ sórí ìwé kan, kí ẹ sì wá wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ tún mọ̀ pé ọmọ ìyá kan náà lè jẹ́ orúkọ ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí akọ̀wé bá fi orúkọ bàbá kọ èkíní, tí ó sì fi orúkọ bàbá àgbà kọ èkejì. Ní ti ẹ̀yà, "Yorouba" nìkan kọ́ ni ẹ ó máa wá. Nago, tí í ṣe Ànàgó, ni ọ̀pọ̀ ìwé Faransé ń pè wá. Àwọn mìíràn kàn kọ "Dahoméen", wọn kò sọ ẹ̀yà kankan.

Bí ẹ bá rí "né vers 1921", kì í ṣe ọdún ìbí tòótọ́ ni ẹ rí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé akọ̀wé wo ojú ẹni náà tàbí gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì ṣírò pé ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ọdún márùn-ún ṣáájú àti ọdún márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tí ẹ lè rí ní Libreville

Ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, tí àwọn ará Libreville ń pè ní mairie, ni ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú wà, ní arrondissement tí nǹkan náà ti ṣẹlẹ̀. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò lè wá orúkọ ní afọ́jú. Ẹ mú orúkọ, ọjọ́ tàbí ọdún, àdúgbò, àti nọ́ńbà ìwé náà bí ó bá wà. Bí ẹ bá ní ẹ̀dà àtijọ́, kódà bí ó ti ya, nọ́ńbà orí rẹ̀ lè fi ọjọ́ púpọ̀ pa mọ́ fún yín.

Ẹni tí wọn kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà ìbí máa ń lọ sí ilé ẹjọ́ gba ohun tí wọ́n ń pè ní jugement supplétif, èyí tí ó dúró gẹ́gẹ́ bí ìwé ìbí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í náání ìwé yìí bí wọ́n ti ń wá ìtàn ìdílé, ṣùgbọ́n ó níye lórí. Ẹ̀rí ẹnu ni ilé ẹjọ́ gbé ìdájọ́ lé, nítorí náà ẹ wo orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n jẹ́ àbúrò bàbá, alágbàtọ́ tàbí ará ìlú kan náà, tí ọmọ wọn ṣì wà ní Libreville.

Ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba orílẹ̀-èdè tí bàbá yín ti wá jẹ́ ibòmíràn. Ẹni tí ó gba carte consulaire sọ ibi tí wọ́n ti bí òun kí wọ́n tó fún un. Ẹ béèrè bóyá fáìlì náà ṣì wà.

Lọ́dọ̀ àwọn onígbàgbọ́, ìwé ìrìbọmi ṣe pàtàkì. Àwọn ajíhìnrere Protestant láti Amẹ́ríkà dé Baraka, tí ó ti di ara Libreville báyìí, ní ọdún 1842. Àwọn àlùfáà Kátólíìkì tẹ̀ lé wọn ní ọdún 1844, wọ́n sì dá Sainte-Marie sílẹ̀. Nínú ìwé ìrìbọmi Kátólíìkì, wọ́n máa ń kọ orúkọ bàbá àti ìyá ìsàmì, wọ́n sì máa ń kọ ìgbéyàwó ẹni náà sí etí ìwé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ ka etí ìwé bí ẹ ti ń ka àárín rẹ̀.

Ìjọba Gabon ní ilé ìpamọ́ àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní Libreville, lábẹ́ ọ́fíìsì kan náà tí ó ń bójú tó ilé ìkàwé orílẹ̀-èdè. Ẹ kọ lẹ́tà ṣáájú, kí ẹ sì sọ ní pàtó ohun tí ẹ ń wá, nítorí fáìlì ìjọba ni ó pọ̀ níbẹ̀ ju fáìlì ìdílé lọ.

Ní ìkẹyìn, ẹ má fojú fo àwọn ará ilé. Ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, àkọsílẹ̀ owó ìsìnkú tí ẹgbẹ́ dá, àti òkúta orí ibojì lè dárúkọ ìlú tí ìwé ìjọba kò kọ.

Àjàṣẹ́, Dakar àti Aix: ibi tí ìwé àwọn Faransé gbà

Nígbà ìjọba amúnisìn, Gabon àti Dahomey kò sí lábẹ́ gómìnà àgbà kan náà. Dahomey wà nínú àgbájọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà Faransé tí olú ìlú rẹ̀ wà ní Dakar. Láti ọdún 1910 títí di 1958, Gabon wà nínú àgbájọ Àárín Gbùngbùn Áfíríkà Faransé, tí olú ìlú rẹ̀ jẹ́ Brazzaville. Ìyàtọ̀ yìí ni ó fà á tí ìwé ẹni tí ó ti Kétu lọ sí Libreville fi pín sí ọ̀nà méjì.

Bí ó ṣe rí nílé kí ó tó rìnrìn-àjò, ẹ kọ́kọ́ wá a ní Àjàṣẹ́. Ibẹ̀ ni ilé ìpamọ́ àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè Benin wà. Ọdún 1914 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ìròyìn àwọn aláṣẹ agbègbè, ẹjọ́ ilẹ̀, ọ̀rọ̀ oyè àti ìkànìyàn fún owó orí jẹ́ irú ìwé tí ó lè dárúkọ baálé tàbí olórí agbo ilé yín. Ìwé àgbájọ náà fúnra rẹ̀ ṣẹ́kù sí Dakar, lọ́wọ́ ilé ìpamọ́ àkọsílẹ̀ Senegal.

Ìwé tí Brazzaville ní tirẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Nígbà òmìnira, àwọn Faransé kó èyí tí wọ́n kà sí ti ìjọba tiwọn lọ sí ilẹ̀ wọn. Ó wà ní Archives nationales d'outre-mer ní ìlú Aix-en-Provence, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1966. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti wá ìwé nípa Gabon ìgbà náà. Díẹ̀ nínú àkójọ wọn ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tí ó wà ní Libreville sì lè wo àtòjọ àwọn fáìlì láìkọ́kọ́ san owó ọkọ̀ òfuurufú.

Àpẹẹrẹ kan wà tí yóò jẹ́ kí ẹ rí bí ìwé ṣe ń tẹ̀ lé ènìyàn. Àwọn Faransé yọ Agoli-Agbo, ọba Dahomey, lórí oyè ní ọdún 1900, wọ́n sì lé e lọ sí ìgbèkùn ní Gabon. Ọdún 1910 ni wọ́n gbà kí ó pa dà, ṣùgbọ́n agbègbè Ṣábẹ̀ẹ́ ni wọ́n ní kí ó máa gbé, kì í ṣe Abọ́mẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá ìtàn irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ní Àjàṣẹ́ nìkan yóò pàdánù ọdún mẹ́wàá.

Bí bàbá àgbà bá ṣe sójà Faransé, ọ̀nà mìíràn tún ṣí. Ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì Mémoire des hommes, ti ìjọba Faransé, ní káàdì àwọn sójà tí ó kú nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, pẹ̀lú ibi tí wọ́n bí wọn sí. Àwọn ọmọ Áfíríkà wà lára wọn. Ọ̀fẹ́ ni wíwò rẹ̀.

Ìbàdàn àti Èkó: ìlà tí ó gba àárín ilé kọjá

Ní ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe àdéhùn lórí ààlà tí ó pín ilẹ̀ Yorùbá níyà. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tí í ṣe ìlú àwọn Kétu bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, ó lè jẹ́ pé ní Àjàṣẹ́ ni wọ́n kọ orúkọ bàbá àgbà sí, kí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì wà ní Ìbàdàn. Bí ọ̀nà kan bá dí, ẹ sọdá ààlà.

Inú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ni ilé ìpamọ́ àkọsílẹ̀ ìjọba Nàìjíríà fún ẹkùn yìí wà. Àwọn ìwé ìjọba ẹkùn Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń pè ní Oyo Prof., ti Abẹ́òkúta ni Abe Prof. Ìròyìn tí àwọn ajẹ́lẹ̀ kọ ní àwọn ọdún 1930 nípa ìlú kọ̀ọ̀kan ṣe pàtàkì, nítorí wọ́n kọ ìtàn ìtẹ̀dó, orúkọ àwọn ọba, àti àwọn ìdílé tí ó ń jẹ oyè. Ẹ rántí pé ẹni tí oyè ń wù ni ó máa ń pọ̀ lẹ́nu jù nígbà tí ajẹ́lẹ̀ bá ń béèrè. Kì í ṣe gbogbo ohun tí a tẹ̀ sórí ìwé ni òótọ́.

Àwọn ìwé ìtàn náà wà. Ìwé Samuel Johnson lórí ìtàn àwọn Yorùbá jáde ní ọdún 1921. E. G. Parrinder tẹ The Story of Ketu jáde ní ọdún 1956. Ọ̀pọ̀ ìlú ni àwọn ọmọ bíbí ibẹ̀ sì ti kọ ìwé pẹlẹbẹ nípa rẹ̀, èyí tí ẹ lè rí ní ààfin tàbí ní ilé ìtàwé ìlú náà.

Àwọn tí òbí wọn ti Ghana kọjá kí wọ́n tó dé Gabon ní láti fi Ghana kún un. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìlọrin ni ó kó ẹrù wọn. Ìdílé tí ó gba irú ìyẹn kọjá, ẹ béèrè ìlú wo ní Ghana ni wọ́n bí ọmọ kọ̀ọ̀kan sí.

Bí òwò ẹrú bá gé okùn náà

Libreville fúnra rẹ̀, ìlú àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú ni. Ní ọdún 1846, ọkọ̀ ogun Faransé mú ọkọ̀ Elizia tí ó kó ènìyàn láti etíkun Loango. Wọ́n kó wọn lọ sí Gorée, wọ́n sì mú 52 nínú wọn wá tẹ̀dó sí ẹ̀gbẹ́ odò Gabon ní ọdún 1849. Ìlú òmìnira ni ìtumọ̀ orúkọ náà, gẹ́gẹ́ bí Freetown ti Sierra Leone.

Àwọn ará Elizia kì í ṣe Yorùbá. Freetown ni ti Yorùbá pọ̀ sí. Níbẹ̀, akọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kọ orúkọ, ọjọ́ orí, gíga àti àmì ara àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú sínú ìwé ńlá. Àwọn Yorùbá ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Aku. Ní Cuba, Lucumí ni wọ́n kọ wọ́n; ní Brazil, Nagô. Àkójọ African Origins ti gbé orúkọ 91,491 ènìyàn láti inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Freetown àti Havana sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá ka orúkọ kan síta níbẹ̀, ohùn ni yóò sọ fún yín pé Yorùbá ni, nítorí akọ̀wé tí ó kọ ọ́ kò gbọ́ èdè náà.

Samuel Ajayi Crowther ni ẹni tí ìtàn rẹ̀ fi èyí hàn jù. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn ní ọdún 1821; ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Myrmidon gbà á sílẹ̀ ní ọdún 1822. Ó rí ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1846, ọdún tí wọ́n mú Elizia. Kì í ṣe ìwé ọkọ̀ ni ó so wọ́n pọ̀. Ó rántí orúkọ ìlú rẹ̀ àti orúkọ ìyá rẹ̀, ó sì pa dà sí ibi tí àwọn ènìyàn rẹ̀ wà.

Íntánẹ́ẹ̀tì àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ìran

FamilySearch jẹ́ àkójọ ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹyìn dá sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tún ń gba ìtàn ìdílé láti ẹnu àwọn àgbà ní àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan, Nàìjíríà sì wà lára wọn.

Àyẹ̀wò DNA lè so yín mọ́ ìbátan tí òun náà ti ṣe é, ó sì lè sọ agbègbè tí ẹ̀jẹ̀ yín ti wá. Kò lè dárúkọ agbo ilé. Ààlà tí ó wà láàárín Benin àti Nàìjíríà kò sí nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe retí pé yóò sọ Kétu yàtọ̀ sí Ìmẹ̀kọ. Ẹ tún mọ̀ pé ó lè tú àṣírí tí ẹbí ti bò mọ́lẹ̀ fún ogún ọdún. Ẹ bá ara yín sọ ọ́ kí ẹ tó ṣe é.

Àwọn ohun tí ó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún

• Ẹ má ṣe fi ojúlówó ìwé sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀dà sílẹ̀.
• Ẹ gba rìsíìtì fún owó tí ẹ bá san ní ọ́fíìsì. Ẹni tí ó bá ní òun yóò "ṣe" ìwé ìbí fún yín láìsí ẹ̀rí, ẹjọ́ ni ó ń tà fún yín.
• Ẹ má ṣe gba ìtàn ẹnì kan gbọ́ láìwádìí. Bí ìwé àti ẹnu bá takora, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀ títí ẹ ó fi rí ẹ̀kẹta.
• Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti oyè lè wà nídìí ìbéèrè yín. Bí ẹ bá dé ìlú baba yín, ẹ kọ́kọ́ kí baálé agbo ilé, kí ẹ sọ pé ẹbí ni ẹ ń wá, kì í ṣe ogún.
• Ìwé àwọn tí ó ṣì wà láàyè kì í ṣe fún gbogbo ènìyàn. Ẹ má ṣe gbé e sórí Facebook.

Ta ni ó kù tí ó mọ̀ ọ́n?

Ìwé tí ó wà ní Aix ti dúró fún ọgọ́ta ọdún, ó sì lè dúró sí i. Ti Ìbàdàn àti ti Àjàṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Ẹni tí kò lè dúró ni ìyá àgbà tí ó wà ní Libreville tàbí ní Sakété lónìí, tí ó mọ oríkì bàbá àgbà yín, tí ó sì mọ ìdí tí wọ́n fi ń pe ọmọ Adéṣínà ní Odjo.

Nítorí náà, bí ẹ kò bá lè ṣe gbogbo ohun tí a kà sílẹ̀ yìí, ẹ ṣe ẹyọ kan kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ẹ pe àgbà náà, ẹ tẹ fóònù kí ó máa gba ohùn, kí ẹ sì ní kí ó ki yín. Orúkọ ìlú tí ó bá jáde nínú oríkì náà ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Òun ni ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà àkọ́kọ́ tí ẹ ó kọ sí Àjàṣẹ́ tàbí Ìbàdàn.